Abẹ́rẹ́ itan àbí dírípù: èwo ni kí Màmá gbà fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. London ni èmi àti Màmá mi, ẹni ọdún 69, ń gbé. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ní, ó sì ti ràn dé ibòmíràn lára wọn. Kímò tí wọ́n kọ́kọ́ gbà kò mú un dúró, ni dókítà bá gbé wọn sórí atezolizumab, òun nìkan, tí wọ́n ń fi dírípù gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, nọ́ọ̀sì ní àwọn lè yí i padà sí abẹ́rẹ́ tí wọ́n á gún sí itan, pé bí ìṣẹ́jú 7 ni. Inú Màmá dùn, torí kí wọ́n tó rí iṣan lọ́wọ́ wọn báyìí, ogun ni. Ṣùgbọ́n bọ̀ọ̀dá mi àgbà tó wà ní Ìbàdàn yarí. Wọ́n ní dírípù ló lágbára, pé apá abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ ò lè ká jẹjẹrẹ, àti pé àwọn òyìnbó kàn fẹ́ fi dín owó kù lórí aláwọ̀ dúdú ni. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà, á sì fún ẹ̀yin náà lókun, torí iṣẹ́ ẹni tó ń mú aláìsàn lọ mú un bọ̀ kì í ṣe kékeré. Apòògùn ni mí, ẹ̀ka ìtọ́jú jẹjẹrẹ ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Àwa la máa ń po oògùn sínú àpò omi tí nọ́ọ̀sì ń gbé kọ́ fún àwọn bíi Màmá. Mi ò rí fáìlì wọn, dókítà wọn ló sì ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọ̀rọ̀ bọpobọpo dá yín lóhùn: tó bá jẹ́ ìyá tèmi ni, tí ọ̀rọ̀ ara wọn sì rí bí ẹ ṣe kọ ọ́ yìí, abẹ́rẹ́ ni màá ní kí wọ́n gbà.

Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n yín kò sọ̀rọ̀ sófo. Láti kékeré la ti mọ̀ pé tí ará ẹni bá wà ní ọsibítù, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tó wá kí i máa ń bèèrè ni pé, "Ṣé wọ́n ti fi omi sí i lára?" Bí wọ́n bá ti rí àpò omi tó ń kán tó-tó-tó lókè orí rẹ̀, ọkàn wọn á balẹ̀ pé ìtọ́jú gidi ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí sì ní ibi tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ tí ibà dá gúnlẹ̀ débi pé gìrì mú un, artesunate inú iṣan ló lè gbà á là, torí ohun tó bá gba inú iṣan wọlé, inú ẹ̀jẹ̀ ló bọ́ sí lójú ẹsẹ̀, wákàtí díẹ̀ ló sì wà nílẹ̀ fún ọmọ náà. Níbi tí ìyára bá ti jẹ́ ìyè, dírípù ló ni ipò iwájú. Kò sí apòògùn tó máa bá ẹ̀gbọ́n yín jiyàn lórí ìyẹn.

Atezolizumab kì í ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò pa jẹjẹrẹ bí kímò ṣe ń ṣe. Lára wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní T cell, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa wá ohun tí kò yẹ kó wà lára, kí wọ́n pa á. Ohun kan wà lára T cell yìí tó ń jẹ́ PD-1, tí ó jẹ́ pé bí nǹkan míì bá dì í mú, T cell á dẹwọ́. Jẹjẹrẹ mọ àṣírí yìí. Ó máa ń yọ PD-L1 síta lára rẹ̀, á fi di PD-1 mú, T cell á sì kọjá lọ bí ẹni pé kò rí nǹkan kan. Tasuku Honjo ará Japan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tẹ ìwádìí wọn lórí PD-1 jáde ní 1992. Ní 2018, òun àti James Allison ará Amẹ́ríkà jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí irú iṣẹ́ yìí. Ohun tí atezolizumab ń ṣe ni pé ó máa ń lọ bo PD-L1 mọ́lẹ̀, kí jẹjẹrẹ má baà rí nǹkan fi di T cell mú mọ́. Ara aláìsàn ló máa wá ja ìjà náà fúnra rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ àti fún oṣù.

Ẹ ò rí i pé ìyára kọ́ ni oògùn yìí ń wá. Ohun tó ń wá ni pé kí PD-L1 wà ní bíbò láti ọjọ́ tí wọ́n gba oògùn títí di ọjọ́ tí wọ́n máa gba òmíràn. Oògùn náà kì í sì í tètè kúrò lára: ó máa ń tó bí ọjọ́ 27 kí ó tó dín kù sí ìdajì nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n yín bi wá ni pé: ní ọjọ́ kọkànlélógún, nígbà tí oògùn ti lọ sílẹ̀ jù lọ, tí òmíràn ò sì tíì wọlé, èló ló kù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gba abẹ́rẹ́, èló ló kù nínú ti ẹni tó gba dírípù?

Ohun tí wọ́n lọ wọ̀n gan-an nìyẹn. Ìwádìí tí wọ́n gbé àṣẹ abẹ́rẹ́ yìí lé lórí ń jẹ́ IMscin001. Ènìyàn 371 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó wọ́pọ̀ jù, tí kímò ti kọ́kọ́ kùnà lórí wọn, bíi ti Màmá. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ fún 247, wọ́n fún 124 ní dírípù. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n gba ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan, máíkírógíráàmù 89 ló wà lára àwọn abẹ́rẹ́, 85 ló wà lára àwọn dírípù. Iye tí àwọn onímọ̀ kà sí pé ó tó láti bo PD-L1 jẹ́ 6 péré. Ọ̀nà méjèèjì ló fi ìlọ́po mẹ́wàá kọjá ohun tí a ń wá, ní ọjọ́ tí oògùn kéré jù lọ lára. Nígbà tí mo rí nọ́ńbà yẹn ni ọ̀rọ̀ "èwo ló lágbára jù" ti tán fún mi.

Àbájáde lára àwọn aláìsàn kò sì yapa. Kókó jẹjẹrẹ sún kì gidigidi lára 12 nínú 100 àwọn tó gba abẹ́rẹ́, àti lára 10 nínú 100 àwọn tó gba dírípù. Ní oṣù 2.8 ni jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú lára ìdajì àwọn ti abẹ́rẹ́, ní oṣù 2.9 lára ìdajì àwọn ti dírípù. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìgbà náà, ìdajì àwọn ti abẹ́rẹ́ ló ṣì wà láàyè ní oṣù 10.7, ti dírípù jẹ́ 10.1. Mo mọ̀ pé ẹ máa ka àwọn nọ́ńbà yìí, àyà yín á já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wọ́n ka ọjọ́ fún Màmá. Ti àgbájọ àwọn tí kímò ti kùnà lórí wọn ni, àwọn kan wà nínú irú wọn tí oògùn yìí gbé dé ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan sì wà tí kò ṣe nǹkan kan fún. Ìdí tí mo fi kọ wọ́n síbí ni kí ẹ lè rí i pé ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì kò tó nǹkan.

Ẹni tó bá fẹ́ wá àléébù lè sọ pé iye oògùn inú ẹ̀jẹ̀ ni ìwádìí náà dìídì lọ wọ̀n, kì í ṣe bí ẹ̀mí ṣe gùn tó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oògùn kan náà ni. A ti mọ ohun tó ń ṣe tó bá dé inú ẹ̀jẹ̀. Ohun tó kù láti mọ̀ ni bóyá ó ń débẹ̀, bóyá ó sì tó. Ní tèmi, ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n yín tún lè máa rò pé oògùn inú abẹ́rẹ́ kéré ju ti inú àpò omi lọ. Òdìkejì rẹ̀ ni. Mìlígíráàmù 1200 ni Màmá ń gbà nínú dírípù. 1875 ni ti abẹ́rẹ́. Ìdí ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá gún sábẹ́ awọ ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Bí 72 nínú 100 rẹ̀ ló ń dé. Ara á tú ìyókù ká lójú ọ̀nà. Àwọn tó ṣe é ti ro ìpàdánù yẹn mọ́ ọn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 72 nínú ọgọ́rùn-ún 1875 jẹ́ 1350. Ó sì máa ń rìn díẹ̀díẹ̀, bí ọjọ́ 4 sí 5 ni ó fi ń gòkè kó tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Fún ibà gìrì, ìyẹn ò ṣe é gbọ́. Fún oògùn tó máa wà lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò já mọ́ nǹkan.

Àmọ́ 1875 yẹn, mìlílítà 15 ni. Abẹ́rẹ́ tí ẹ mọ̀, tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ, kì í sábà ju mìlílítà 1 tàbí 2 lọ. Báwo ni 15 ṣe wá fẹ́ wọlé láìjẹ́ pé itan wú bí bọ́ọ̀lù? Abẹ́ awọ wa kún fún nǹkan kan tó dì, tó sì ń fà, hyaluronan ni orúkọ rẹ̀. Ẹ da omi sórí ẹ̀kọ tútù tó ti dì, ẹ máa rí i pé ojú rẹ̀ lomi náà máa dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ni hyaluronan ṣe máa ń dá oògùn dúró. Nítorí náà, wọ́n pò ohun kan tó ń jẹ́ hyaluronidase mọ́ oògùn náà. Òun ló ń tú hyaluronan ní ojú ibẹ̀, kí oògùn lè tàn ká, kí ó sì rí ọ̀nà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ara á ti tún ohun tó tú ṣe. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ hyaluronidase kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ yìí. Ìbéèrè nìyẹn tí ẹ óò gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, ẹ dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú ńkọ́? Mo mọ ibi tó ti wá, mi ò sì ní fi ẹ̀gbọ́n yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtàn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wa nílẹ̀ yìí kò dára délẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ara rẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni MHRA, àjọ tó ń fàṣẹ sí oògùn ní Bìrìtéènì, fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ yìí, kò tíì sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tó ti fọwọ́ sí i nígbà náà. NHS, ètò ìlera ìjọba, ti England sọ pé àwọn tó máa jàǹfààní rẹ̀ lọ́dún kan lè tó 3,600, gbogbo ẹni tó ń gba oògùn náà ni wọ́n sì ní lọ́kàn, funfun àti dúdú. Ilẹ̀ Yúróòpù tẹ̀ lé e ní January 2024, Amẹ́ríkà ní September ọdún kan náà, tí wọ́n ń pè é ní Tecentriq Hybreza lọ́hùn-ún.

Ṣé owó wà nínú rẹ̀? Ó wà dáadáa. Àga tí Màmá bá tètè dìde lórí rẹ̀, ẹlòmíì á jókòó síbẹ̀. Àpò omi tí a ò pò mọ́, àkókò wa ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn náà ní tiwọn, torí oògùn tí àṣẹ àdáṣe rẹ̀ ti fẹ́ parí, tí wọ́n bá ti rí ọ̀nà tuntun fi ṣe é, wọ́n ti rí ọjà tuntun nìyẹn. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé mo mọ̀. Ṣùgbọ́n pé ọsibítù jèrè àkókò kò sọ pé Màmá pàdánù oògùn. Nọ́ńbà 89 àti 85 ló máa dáhùn ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n yín, kì í ṣe èmi.

Nípa ìṣẹ́jú 7 tí nọ́ọ̀sì sọ, ẹ má fi ṣe àdéhùn ojú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Gígún abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń gba ìṣẹ́jú 4 sí 8, nígbà tí dírípù àkọ́kọ́ ń gba ìṣẹ́jú 60, àwọn tó tẹ̀ lé e 30. Wọ́n ṣì máa gba ẹ̀jẹ̀ Màmá kí wọ́n fi yẹ ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti táírọ́ọ̀dù inú ọrùn wò, ẹni kan ṣì máa bi wọ́n léèrè bí ara ṣe rí, ẹ ṣì máa jà fún àyè ọkọ̀. Ohun tó ń kúrò ni wíwá iṣan kiri, dídúró de kí àpò omi ti ọ̀dọ̀ wa dé, àti jíjókòó tí omi fi ń kán. Fún ẹni tí iṣan rẹ̀ ti le látàrí kímò, ibẹ̀ ni èrè náà wà jù, kì í ṣe lára aago.

Wọ́n tiẹ̀ bi àwọn aláìsàn fúnra wọn. Nínú ìwádìí kejì, IMscin002, ènìyàn 179 ló wọ inú rẹ̀, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́, àwọn kan pẹ̀lú dírípù, wọ́n wá pààrọ̀. Nínú àwọn tó gba ọ̀nà méjèèjì tí wọ́n sì dáhùn, 71 nínú 100 ló ní abẹ́rẹ́ ló wu àwọn. 21 nínú 100 ní dírípù. Mi ò fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn 21 wọ̀nyẹn. Àwọn kan kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan itan wọn, àwọn kan ti ní pọ́ọ̀tù láyà tí dírípù ń gbà wọlé wẹ́rẹ́, àwọn kan sì fẹ́ràn àkókò tí wọ́n fi ń jókòó pẹ̀lú àwọn aláìsàn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ bi Màmá. Ẹ bi wọ́n nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan bá wà, kí wọ́n má baà fi ìtìjú gbà fún yín.

Tí wọ́n bá gbà, itan nìkan ni wọ́n ń gún ti atezolizumab sí, wọn kì í gún un sí ikùn tàbí apá. Tí wọ́n bá lo itan ọ̀tún lónìí, kí wọ́n lo ti òsì lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, kí ojú tuntun sì jìnnà sí ojú àtijọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 ó kéré tán. Wọn kì í gún un síbi tó le, tó ń ro wọ́n, tàbí tó dápàá. Kí Màmá wọ bùbá àti ìró tàbí ṣòkòtò tó dẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ síkẹ́ẹ̀tì tó há. Kí inú fìríìjì ni oògùn ti wá, ṣùgbọ́n kí òtútù rẹ̀ ti lọ kí wọ́n tó gún un, torí èyí tó bá tutù máa ń ta. Tí wọ́n bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bí ọ̀pọ̀ aláìsàn ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń lò, kí ẹ rán nọ́ọ̀sì létí.

Ojú ibi tí wọ́n gún lè ro wọ́n díẹ̀ tàbí kí ó wú; bí 5 nínú 100 ló ṣẹlẹ̀ sí nínú ìwádìí náà, kò sì le. Ìwé tí wọ́n máa fún yín á sọ pé kí ẹ ṣọ́ pípọ́n. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n kì í hàn bí wọ́n ṣe yà á sínú ìwé. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: ṣé ó gbóná ju itan kejì lọ, ṣé ó le, ṣé awọ ibẹ̀ ti ṣú ju tàtẹ̀yìnwá lọ?

Ohun tó wà lọ́kàn mi jù nìyí o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìrọ̀rùn abẹ́rẹ́ kò sọ oògùn náà di oògùn ẹ̀fọ́rí. T cell tí a tú sílẹ̀ láti bá jẹjẹrẹ jà lè kọjú sí ara Màmá fúnra wọn, ọ̀nà yòówù kí oògùn gbà wọlé. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, á di ikọ́ tuntun tàbí mímí tó ń yára, ó sì rọrùn láti sọ pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe é. Nínú ìfun, á di ìgbẹ́ gbuuru tàbí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ lè wú, kí ojú pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Táírọ́ọ̀dù lè dẹwọ́, kí òtútù máa mú wọn, kí wọ́n máa sùn ṣáá. Òùngbẹ àti ìtọ̀ àtọ̀ọ̀tọ̀tán lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà tó dé lójijì. Awọ lè sú. Ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oògùn kejì, ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí wọ́n ti dá oògùn dúró. Tí a bá tètè mọ̀, steroid, oògùn tó ń mú ara wíwú rọlẹ̀, máa ń pa púpọ̀ nínú rẹ̀ rọ́. Tí ẹ bá jókòó tì í títí di ọjọ́ ìpàdé tó kàn, ó lè mú ẹ̀mí lọ. Ẹ pe nọ́ńbà tí ọsibítù fún yín, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e. Nígbà tí Màmá ń jókòó ti dírípù, nọ́ọ̀sì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti wò wọ́n lójú kó mọ̀ pé ara wọn kò yá. Ní báyìí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ní. Ẹ̀yin lẹ máa di ojú yẹn.

Tí Màmá bá sì fẹ́ lọ sílé fún Kérésìmesì, kí káàdì tó sọ pé wọ́n wà lórí ìtọ́jú yìí wà nínú báàgì wọn pẹ̀lú páálí oògùn. Nílé, ara gbígbóná ni ibà, ìgbẹ́ gbuuru ni táífọ́ọ̀dù, ikọ́ ni òtútù ọyẹ́. Wọ́n á ti kọ oògùn kí wọ́n tó bèèrè. Kí wọ́n yẹ ibà wò, ó dára, torí ibà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n yín, tó jẹ́ pé àwọn ló máa gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà, sọ̀rọ̀ oògùn yìí kí wọ́n tó jókòó. Tí wọ́n bá fún Màmá ní àgbo nílé ńkọ́? Mi ò ní bú àgbo ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tí ẹ̀dọ̀ Màmá bá wú nígbà tí wọ́n ń mu ún, kò sí bí a ṣe máa mọ èyí tó fà á, a sì lè dá oògùn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ dúró lásán.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín, kì í ṣe torí Màmá, torí àwọn tó wà nílé. Ìgò atezolizumab ti dírípù kì í ṣe ìgò ti abẹ́rẹ́. Ti dírípù kò ní hyaluronidase, iye rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìgò dírípù gún ẹnikẹ́ni sí itan nítorí pé ó gbọ́ pé abẹ́rẹ́ ti dé, ó ń fi owó ńlá ṣòfò, ó sì lè ṣe aláìsàn náà léṣe. Bẹ́ẹ̀ ni a ò gbọdọ̀ da ti abẹ́rẹ́ sínú iṣan. Kì í sì í ṣe bí ínsúlíìnì tí aláìsàn ń gún fúnra rẹ̀. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìlera ni, kódà tí wọ́n bá máa wá gún un nílé. Fún ẹni tó ń fi owó àpò ara rẹ̀ ra oògùn ní Nàìjíríà, iye owó ìgò àti bóyá NAFDAC mọ̀ ọ́n ló yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè, kì í ṣe iye ìṣẹ́jú.

Àwọn míì máa ka èyí tí oògùn tiwọn yàtọ̀. Nivolumab ti ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní December 2024, Bìrìtéènì ní 2025, ìṣẹ́jú 3 sí 5 ni. Pembrolizumab gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní September 2025: ìṣẹ́jú 1 fún èyí tí wọ́n ń gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, 2 fún ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà. Wọ́n dán òun wò lára ènìyàn 377 tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n sì ń gba kímò pọ̀ mọ́ ọn. Kókó sún kì lára 45 nínú 100 pẹ̀lú abẹ́rẹ́, 42 pẹ̀lú dírípù. Ìwádìí yẹn náà ló fi àlà kan hàn: ẹni tí kímò rẹ̀ ṣì ń gba iṣan wọlé lọ́jọ́ kan náà kò bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ iṣan, kò sì bọ́ lọ́wọ́ àga. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, mi ò ní kánjú sọ pé kó yí i padà. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti rí i tí abẹ́rẹ́ fi àlàáfíà ara ju dírípù lọ gedegbe ni amivantamab, tó jẹ́ oògùn ọ̀tọ̀, tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Màmá: nínú ìwádìí PALOMA-3, ara kọ̀ ọ́ lójú gbígbà lára 66 nínú 100 àwọn tó gba dírípù, lára 13 péré nínú 100 àwọn tó gba abẹ́rẹ́. Ẹ má gbé àǹfààní ìyẹn wá sórí atezolizumab o. Fún Màmá, ọ̀nà méjèèjì kò jura wọn lọ nínú àlàáfíà ara.

Tí ẹ bá ti gbà láàárín ara yín, kò sí pé kí Màmá sinmi oògùn láàárín. Ọjọ́ tí dírípù tó kàn ì bá bọ́ sí ni wọ́n máa gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ pe nọ́ọ̀sì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè pèsè ìgò tó yẹ, kí wọ́n má ti po àpò omi sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Tí Màmá bá gbà á lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì tí kò sì bá wọn lára mu, kí wọ́n sọ. Dírípù ṣì wà níbẹ̀, wọ́n lè padà sí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e.